Ẹ̀yin Káfíńtà, Ẹ̀rọ Tó Ń Gbẹ́ Igi Kò Gbọ́ Ẹ̀bẹ̀ O!

Ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ló wà lẹ́nu mi lọ́sẹ̀ yìí, pàápàá ẹ̀yin káfíńtà. Ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà náà, ẹ má ṣí ojú ìwé yìí kọjá, nítorí owó èsúsú yín lè wà lára ohun tí ọmọ yín fẹ́ẹ́ fi ra ẹ̀rọ yìí!

CNC ni wọ́n ń pè é. Kọ̀ǹpútà ló ń darí ẹ̀ tó fi ń gbẹ́ igi. Kì í ṣe nǹkan àná: ọdún 1952 ni wọ́n ti fi irú ẹ̀ han aráyé ní ilé ẹ̀kọ́ MIT l'Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n gbàǹgbà-gbangba nìyẹn. Èyí tí ọ̀pọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀ lónìí ni 3018, tó gba orí tábìlì. Ibi tó lè gbẹ́ kò ju sẹ̀ǹtímítà 30 sí 18 lọ. Ẹ má fi í gba iṣẹ́ ilẹ̀kùn o!

Bọ̀dá mi tó jẹ́ káfíńtà ra ọ̀kan. Kò tíì lò ó tó ọ̀sẹ̀ kan tó fi gba iṣẹ́ oníyàwó: kó gbẹ́ orúkọ ọkọ àti ìyàwó sára pátákó ọ̀gànwó. Owó ti wọlé. Nígbà tó gbẹ́ lẹ́tà ńlá tán, ó pààrọ̀ irin ẹnu ẹ̀rọ sí tínrín, ó ní kó máa lọ. Ẹ gbà mí! Irin wọnú igi, ó dá kán-ún! Pátákó bàjẹ́.

Kí ló fà á? Irin kejì yọ síta ju ti àkọ́kọ́ lọ, bọ̀dá ò sì tún un wọ̀n. Ẹ̀rọ ò lójú. Ibi tẹ́ ẹ bá sọ fún un pé orí igi wà ló gbà.

Ẹ gbọ́ bí ẹ ó ṣe bẹ̀rẹ̀ tójú ò fi ní tì yín. Ẹ kọ́kọ́ ya àwòrán nínú kọ̀ǹpútà. Inkscape wà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ó wá yí i padà sí èdè tí ẹ̀rọ gbọ́, ìyẹn G-code. Ẹ de igi mọ́lẹ̀ kó má mì. Ẹ fi bébà sórí igi, kẹ́ ẹ máa sọ irin kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di bébà náà mú. Ibẹ̀ ni òdo yín. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ irin, ẹ tún un ṣe!

Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ rìn lófìfo lókè igi, kẹ́ ẹ wo ọ̀nà tó ń gbà. Fóòmù ni kẹ́ ẹ fi kọ́ iṣẹ́, lẹ́yìn náà igi tó rọ̀. Apá le jù fún ọmọdé ẹ̀rọ. Kó má jẹ ju mílímítà 1 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wọ awò ojú, ẹ fi nǹkan bo imú nítorí eruku, ẹ má sì fi í sílẹ̀ lọ jẹun. Bí iná bá lọ, ẹ̀rọ á gbàgbé ibi tó dé. Ẹ sàmì sí igun tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ iṣẹ́ bọ̀dá ń sunkún tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀rọ yóò lé òun lọ. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, òun àti ọ̀gá ẹ̀ ni wọ́n fọwọ́ gbẹ́ pátákó mìíràn títí ilẹ̀ fi mọ́, oníyàwó sì gba iṣẹ́ ẹ̀. Látìgbà náà, òun ló ń wọn irin fún ẹ̀rọ!

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó kọ̀wé sí wa. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.