Ẹnu Tó Jẹ Dọ̀dọ̀ Kò Lè Sọ Òdodo

Nígbà tí Sámúẹ́lì darúgbó, ó dúró níwájú gbogbo Ísírẹ́lì, ó ní kí ẹnikẹ́ni tí òun bá gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ jáde wá sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó rí ẹ̀sùn kà sí i lọ́rùn (1 Sámúẹ́lì 12). Aṣòfin mélòó ló lè dúró bẹ́ẹ̀ ní Àbújá?

Ẹ rántí oṣù kìn-ín-ní ọdún 2012. Ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà bẹntiróòlù kan sì fò láti náírà 65 sí náírà 141. Ará ìlú tú síta. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin wá yan ìgbìmọ̀ kan, Farouk Lawan ni alága rẹ̀, kí wọ́n wádìí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń gba owó náà. Nígbà tí àbọ̀ ìwádìí dé, Lawan kan náà ló dìde pé kí wọ́n yọ orúkọ Zenon kúrò. Ilé ẹjọ́ rí i pé ó gba 500,000 dọ́là lọ́wọ́ Femi Otedola tó ni Zenon. Otedola ní àwọn agbófinró mọ̀ sí i, pé wọ́n fi dẹkùn mú un ni. Ní 2021, wọ́n sọ Lawan sí ẹ̀wọ̀n ọdún 7. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dín in kù sí 5 ní 2022. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fọwọ́ sí i ní 2024. Ọdún 12 gbáko lẹ́yìn ìwádìí!

Kì í ṣe pé a kò ní òfin. Ìwé òfin 1999 sọ pé bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ń gba iṣẹ́ ìjọba ṣe, a ó kà á sí pé ó rú òfin, àfi tó bá fi ẹ̀rí gbe ara rẹ̀. Ó tún ní kí ará ìlú lè yẹ ìwé dúkìá wọn wò, ní ìlànà tí àwọn aṣòfin bá là sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá, wọn kò la ìlànà kankan. Ta ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí àpótí tí orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀?

Àwa ìjọ ńkọ́? Nígbà ìkórè, à ń pe aṣòfin jókòó níwájú, a kì í béèrè ibi tí owó rẹ̀ ti wá. Ṣé dọ̀dọ̀ ti kún ẹnu àwa náà ni?

Kí ìbò tó ń bọ̀ tó dé, ẹ béèrè lọ́wọ́ aṣojú yín: ilé iṣẹ́ wo ló ní ìpín nínú rẹ̀? Ó máa gbé ìwé dúkìá rẹ̀ síta? Bí kò bá dáhùn, ẹ má fi ìbò yín ta á lọ́rẹ.

Olúwa yóò fún wa ní àwọn Sámúẹ́lì. Àmín.