Kì í Ṣe Ayédèrú Ló Ń Já Wáyà Kílọ́ọ̀ṣì

Ní Ìrókò àti àwọn abúlé tó yí i ká ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, ẹjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń dá fún wáyà kílọ́ọ̀ṣì tó bá já lára ọ̀kadà: ayédèrú ni. Ọlọ́kadà á bú ẹni tó tà á, mẹkáníìkì á bá a bú ará Ṣáínà, wọn á fi tuntun sí i, máṣíìnì á sì tún forí lé ọ̀nà Mọ́níyà tàbí Fìdítì. Bí tuntun náà bá já, ayédèrú ni wọ́n á tún pè é. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ìdí tó fi jẹ́ pé ojú kan náà ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti ń já: ẹ̀yìn orí òjé kékeré tó wọ inú apá kílọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ òsì.

Ọ̀pọ̀ irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n lọ́ pọ̀ ni wáyà yìí, tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú awọ irin tí ike bò. Ernest Bowden ló gba ìwé àṣẹ lórí irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1896. Lára ọ̀kadà, ọgbọ́n kan ló ń lò: bí apá kílọ́ọ̀ṣì bá ti ń yí, orí òjé gbọ́dọ̀ máa yí nínú ihò rẹ̀ kí wáyà lè máa lọ tààrà. Bí eruku ọyẹ́ àti ẹrẹ̀ òjò bá ti dì sínú ihò náà tí ìpẹtà sì mú un, orí òjé kò ní yí mọ́. Wáyà fúnra rẹ̀ ni yóò máa tẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣẹ́ wáyà tí bíríkìlà fi ń so irin rí, tó ń tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn títí tó fi kán, ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà lójú ibi tó já. Nínú oòrùn, àwọn kan lára irin tẹ́ẹ́rẹ́ náà á ti dípẹtà, àwọn yòókù á sì máa dán. Àwọn tó dípẹtà ti já tipẹ́; àwọn tó ń dán ló ń dá ẹrù náà fà títí dọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Wáyà tí wọn kò jó orí rẹ̀ mọ́ ọn dáadáa ní iléeṣẹ́ kì í sábà já báyìí. Orí òjé rẹ̀ ló ń bọ́, tí ìdí wáyà á sì yọ jáde ní odidi. Irú ìyẹn wà lọ́jà lóòótọ́, ẹni tó bá rà á lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a padà.

Àwọn kan á ní wáyà Japan ayé àtijọ́ kì í tètè já. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ta ló ń gun ọ̀kadà nígbà náà? Tíṣà àti akọ̀wé tó ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, tó ń bọ̀ nírọ̀lẹ́. Honda CG125 kan náà, tó kọ́kọ́ jáde ní 1976, ló wá ń gbé èrò mẹ́ta àti àpò gààrì láti abúlé sí abúlé lónìí, tí wọ́n ń fa kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní gbogbo kòtò.

Pípààrọ̀ wáyà náà kò le. Wọ́n á dẹ nọ́ọ̀tì tó ń fún un lókè àti nísàlẹ̀, wọ́n á yí ti òkè títí ojú tó là lára rẹ̀ á fi bá èyí tó là lára apá kílọ́ọ̀ṣì dọ́gba, wáyà á sì gba ibẹ̀ bọ́. Kí wọ́n so tuntun mọ́ ti àtijọ́ kí wọ́n tó fà á jáde, kó lè tọ ọ̀nà tí iléeṣẹ́ là fún un, láìṣẹ́ kọ́nà, láìfara kan sàlẹ́ńsà.

Ibi tí wọ́n ń fò ló ṣe pàtàkì jù. Kí wọ́n ha ìpẹtà inú ihò orí òjé kúrò, kí wọ́n fi gírísì sí i, kí wọ́n sì fi ọwọ́ yí orí òjé tuntun nínú rẹ̀ wò. Bí kò bá yí wọ́ọ́rọ́wọ́, iṣẹ́ kò tíì tán. Bí ihò bóòtù tí apá kílọ́ọ̀ṣì fi ń yí bá ti jẹ fẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ apá náà. Kí wọ́n sì máa kán ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sínú awọ wáyà láti òkè títí yóò fi yọ nísàlẹ̀.

Ó ku fíríì, ìyẹn àyè tí apá kílọ́ọ̀ṣì fi ń rìn kí wáyà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ọ̀pọ̀ gbà pé bí kílọ́ọ̀ṣì bá ṣe le tó ni máṣíìnì ṣe lágbára tó. Irọ́ ni. Kílọ́ọ̀ṣì tí kò ní fíríì kì í jẹ́ kí píléètì di ara wọn mú dáadáa; á máa yọ̀, á sì jóná. Ní ti CG125, ṣóńṣó apá náà gbọ́dọ̀ rìn tó mìlímítà 10 sí 20 kí wáyà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Bó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, jíà á máa han bí wọ́n bá fẹ́ kó o. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n yí ọwọ́ máṣíìnì sọ́tùn-ún sósì pátápátá; fíríì náà kò gbọ́dọ̀ yí padà.

Mẹkáníìkì tó bá fi wáyà tuntun sí i láìkan ihò orí òjé, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe. Kí oníbàárà má sanwó títí yóò fi ṣe ìdajì tó kù lójú rẹ̀.