Ìgbín Tí Ń Pa Ajá Nílùú Ọba
Ẹ̀yin ìyá tí ọmọ yín ń sin ajá nílùú Ọba, ẹ gbọ́ o. Ìgbín kan wà níbẹ̀ tí kò ní ìkarahun, inú ọgbà ló ti ń jẹ̀ lóru. Bí ajá bá gbé e mì, aràn inú rẹ̀ lè wọ ọkàn ajá àti iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró. N ni ikọ́ bá dé, àárẹ̀ dé, egbò kékeré á máa ṣẹ̀jẹ̀ láìdá. Àfàìmọ̀ kí irú ajá bẹ́ẹ̀ má kú! Ìgbẹ́ ajá àti ti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni ìgbín ti ń kó aràn ọ̀hún. Kí wọ́n tètè máa palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Kì í ṣe gbogbo oògùn aràn ló ká a o. Dókítà ẹran ni kí wọ́n lọ bi, kí ikọ́ tó bẹ̀rẹ̀.