Ìtàn Oní-sọ́míìlì Kò Sọnù, Orúkọ Òṣìṣẹ́ Rẹ̀ Ló Sọnù

Bí ẹ bá fẹ́ tọpasẹ̀ ìdílé Timothy Meaher, iṣẹ́ náà kò le. Ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí ní 1812. Ó kó lọ sí ìlú Mobile ní Alabama, ó ń kan ọkọ̀ ojú omi, ó sì ní sọ́míìlì. Ó kú ní 1892. Àkọsílẹ̀ ilẹ̀ rẹ̀ wà, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà, ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba kan sì ń jẹ́ orúkọ ìdílé wọn títí dòní.

Ọkùnrin yìí náà ló wà nídìí ọkọ̀ Clotilda. Láti 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọ̀lú léèwọ̀, síbẹ̀ ní 1860 ọkọ̀ náà kó nǹkan bí 110 èèyàn láti Ouidah, níbi tí àwọn ará Dahomey ti tà wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń sọ Yorùbá. Nígbà tí wọ́n gba òmìnira ní 1865, wọ́n ní kí Meaher fún àwọn nílẹ̀; ó kọ̀. Wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ ní sọ́míìlì, wọ́n ń tu owó jọ, wọ́n sì fi ra ilẹ̀, títí kan èyí tí wọ́n rà lọ́wọ́ Meaher fúnra rẹ̀. Bí African Town ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Èrò tèmi ni pé ìran àwọn òṣìṣẹ́ yìí ló yẹ ká máa tọ̀, àwa akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀dá-èdè ló sì kàn jù, torí pé orúkọ ni ìwé tiwọn. Ẹ wo Cudjo Lewis, tó kú ní 1935. Emma Roche kọ orúkọ àbísọ rẹ̀ ní Kazoola, Zora Neale Hurston kọ ọ́ ní Kossula, Sylviane Diouf kọ ọ́ ní Kossola. Bantè, ní orílẹ̀-èdè Benin, ni Diouf tọpasẹ̀ rẹ̀ dé. Oluale ni wọ́n kọ fún bàbá rẹ̀, a sì rí ẹni tó rò pé inú rẹ̀ ni Lewis ti yọ. Nínú gbogbo èyí, ẹ ò ní rí àmì ohùn ẹyọ kan.

Ẹ wá wo Matilda McCrear, tí wọ́n kó dé ní nǹkan bí ọmọ ọdún méjì, tó sì kú ní 1940. Hannah Durkin ló mú ìtàn rẹ̀ jáde ní 2020. Àbákẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Ta ló nílò àlàyé níbí? Oríkì obìnrin ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti sọ pé ọmọ Yorùbá ni, pé àwọn kan sì fẹ́ kẹ́ ẹ.

Ẹlòmíràn á ní ká kúkú fi àmì sórí Kossola, ká túmọ̀ rẹ̀, kó parí. Rárá o. Bí a bá fi ohùn Ìbàdàn túmọ̀ orúkọ ará Bantè, irọ́ la pa mọ́ òkú. Ká gba orúkọ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà Bantè, pẹ̀lú ohùn wọn, ká tó fi wé èyí tó wà nínú ìwé. Pírójẹ́ẹ̀tì gidi nìyẹn, ó sì sàn ju kí a máa da àkòrí ọdún tó kọjá kọ.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Fún àwọn ọmọ African Town, orúkọ ni wọ́n máa wò kí wọ́n tó mọ ilé. Ṣùgbọ́n kí la ń ṣe sí tiwa? Láti Baṣọ̀run dé ọjà pákó Bódìjà, ẹ wo pátákó ìsọ̀, ẹ wo rìsíìtì, mélòó ló ní àmì ohùn? Rẹ́jísítà kíláàsì wa ńkọ́? Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀: kí oníkálukú kọ orúkọ àti oríkì tirẹ̀ pẹ̀lú àmì tó pé, kí ẹ̀ka wa sì tọ́jú rẹ̀.