A gé iná Niger, iná Bẹẹrẹ ò pọ̀ sí i

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ ó gbọ́ ní Ọjà'ba nígbàkigbà tí iná bá lọ. Télọ̀ á kọ́kọ́ pòṣé. Onígbàjámọ̀ á fa okùn jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa ń pè ní "I better pass my neighbour". Ẹni tó ń ta ẹja inú fíríìsà á wá àpò tó nípọn bò ó lórí. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan á wá sọ pé: "Ṣé ẹ rí i? Àwọn ará Kùtọ̀nú àti Tógò ń jẹ iná wa, àwa wà nínú òkùnkùn." Mo ti gbọ́ ọ ní Bẹẹrẹ, mo ti gbọ́ ọ nísàlẹ̀ Mapo. Bàbá àgbà kan ní Bẹyẹrunka tiẹ̀ bi mí pé kí ni ìwé òfin tí mo kà wúlò fún, bí mi ò bá lè pe ìjọba lẹ́jọ́ kí wọ́n yéé ta iná wa fún àlejò.

Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ẹjọ́ yẹn ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀." Inú wọn ò dùn sí mi. Ṣùgbọ́n ohun tí mo gbà gbọ́ nìyẹn, màá sì sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ wo ìṣirò náà ná. Àwa tí a wà ní Nàìjíríà ju 200 mílíọ̀nù lọ, síbẹ̀ iná tí gbogbo ẹ̀rọ wa ń gbé sórí wáyà kò tíì kan 6,000 mẹ́gáwáàtì rí. 4,000 sí 5,000 la sábà máa ń rí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, NERC, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iná mọ̀nàmọ́ná, pàṣẹ pé fún oṣù 6, iná tí a bá ń tà fún àwọn orílẹ̀-èdè tó múlé tì wá kò gbọdọ̀ ju ìdá 6 nínú 100 lọ. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká gba ìdá 6 yẹn padà pátápátá, ká má ta ẹyọ kan, ká sì pín in dọ́gbadọ́gba láti Sókótó dé Kàlàbá. Ẹni tó ń rí iná wákàtí 5 lójúmọ́ tẹ́lẹ̀, ohun tó máa bọ́ sí i lọ́wọ́ kò ní pé ogún ìṣẹ́jú. Ẹja wo ló fẹ́ dì nínú ogún ìṣẹ́jú?

Bí ẹ ò bá sì gba ìṣirò mi gbọ́, kò burú, torí a ti dán an wò rí.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2023, àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Mohamed Bazoum ní Niger. Ààrẹ Tinubu ò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí àga alága ECOWAS nígbà yẹn. Ní ọjọ́ 30 oṣù náà, àwọn olórí ECOWAS jókòó ní Abuja, wọ́n ní kí wọ́n ti ẹnubodè, kí wọ́n dá ọ̀rọ̀ owó dúró, kí wọ́n sì dá ọ̀rọ̀ iná náà dúró. Kí oṣù Kẹjọ tó rìn jìnnà, wáyà tó gbéra láti Birnin Kebbi lọ sí Niamey ti kú. Bí ìdá 70 nínú 100 iná tí Niger ń lò, ọwọ́ wa ni wọ́n ti ń rà á. Ilé ìwòsàn, iléeṣẹ́, ọlọ́jà, gbogbo wọn ló fara gbá a.

Mo wá ń bi ẹ̀yin ará Bẹẹrẹ léèrè: ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, ṣé iná yín pọ̀ sí i? Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí iná Niger ṣì wà ní gígé, gbogbo wáyà orílẹ̀-èdè yìí ló dákú lẹ́ẹ̀kan náà, àti Ìbàdàn, àti Èkó, àti Abuja. Iná tí a gbà lẹ́nu aládùúgbò ò dé ẹnu wa.

Mi ò sọ pé ìjọba ò ní ìdí kankan o. Àwọn ológun ti gba Mali, wọ́n ti gba Burkina Faso, wọ́n wá gba Niger tó fi ẹ̀yìn ti Sókótó, Kẹ́bbí àti Katsina. Wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ogun ní Abuja nígbà yẹn, èmi fúnra mi sì rò pé kí wọ́n gé iná sàn ju kí wọ́n kó ọmọ ọlọ́mọ lọ sójú ogun. Ṣùgbọ́n ta ni iná gígé dùn? Ọ̀gágun Tchiani ò gbé nínú òkùnkùn rí. Jẹnẹrétọ̀ wà ní ilé ìjọba. Ẹni tó ń rán aṣọ ní Niamey ni iná gbẹ́ mọ́ lọ́wọ́, ẹni tó dà bíi tèmi àti tiyín gan-an. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, ECOWAS fúnra rẹ̀ yí ọ̀rọ̀ náà padà, wọ́n dá iná padà. Bazoum ò padà sórí àga. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, wọ́n búra fún Tchiani gẹ́gẹ́ bí ààrẹ fún ọdún 5. Niger, Mali àti Burkina Faso sì ti kúrò nínú ECOWAS láti ọjọ́ 29 oṣù Kíní ọdún náà.

Àwọn tó bá fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ilé-ẹjọ́ á rántí pé Niger gbé ẹjọ́ náà lọ síwájú ilé-ẹjọ́ ECOWAS. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 2023, ilé-ẹjọ́ dáhùn pé àwọn tó fipá gbàjọba ò lẹ́nu láti sọ̀rọ̀ níbẹ̀ lórúkọ orílẹ̀-èdè Niger. Nípa ti òfin, mo yé wọn. Ṣùgbọ́n ẹ fojú sí i: ilé-ẹjọ́ ò sọ pé iná gígé náà dáa. Ó kàn sọ pé ẹni tó wá kan ilẹ̀kùn kọ́ ló ni ilé. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú ilé ṣì wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ inú ilé náà ni odò. Odò Ọya tó ń yí ẹ̀rọ Kainji láti ọdún 1968, ilẹ̀ Niger ló ti ń ṣàn wọlé tọ̀ wá. Àdéhùn tó ti wà láàrin wa láti bí àádọ́ta ọdún ò le rárá: ẹ má sé omi náà lókè, àwa náà á máa gbé iná fún yín. Kì í ṣe àánú la fi ń ta iná fún wọn. Omi ni wọ́n fi ń san apá kan owó náà, kódà bí owó ìwé bá pẹ́ kó tó dé. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ ìdídò tiwọn ní Kandadji, a sì ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n rọra, kí wọ́n jẹ́ kí omi tó wá sílẹ̀. Báwo la ṣe fẹ́ bẹ̀ wọ́n báyìí? Ẹni tó wà lókè odò la gé iná rẹ̀.

Ó yẹ kí ọmọ Ìbàdàn mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1877, Ààrẹ Látòósà rán àwọn èèyàn lọ sí Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo báyìí, kí wọ́n lọ ra ìbọn àti ẹ̀tù. Àwọn Ẹ̀gbá dá wọn lọ́nà nígbà tí wọ́n ń bọ̀. Ogun ṣẹ́. Ẹ̀gbá ti ọ̀nà, Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà, iyọ̀ àti ẹ̀tù tó ń ti etíkun wá di ọ̀wọ́n. Nígbà yẹn, ẹ̀tù ni gáàsì. Ẹni tó bá ní ọ̀nà lọ́wọ́, òun ló ní ẹ̀mí ìlú lọ́wọ́, tàbí kó jẹ́ ohun tí wọ́n rò nìyẹn. Ṣé Ìbàdàn túúbá? Rárá o. Ọ̀nà Oǹdó ni wọ́n yí gbà, ogun Kírìjì sì gùn títí Látòósà fi kú sí bùdó ní 1885. Odidi ọdún 16 ló gbà kí gbogbo rẹ̀ tó parí ní 1893, àdéhùn tí wọ́n ti jọ fọwọ́ sí ní 1886 ló sì la ọ̀nà fún un. Ohun tí ọ̀nà títì ṣe ni pé ó kọ́ Ìbàdàn láti wá ọ̀nà mìíràn.

Gánà ti ṣe irú rẹ̀ sí wa pẹ̀lú gáàsì, ó sì jọ pé a ò tiẹ̀ mọ̀.

Ní ọdún 2003, Nàìjíríà, Benin, Tógò àti Gánà fọwọ́ sí ìwé pé a máa fi páìpù gbé gáàsì wa lọ bá wọn. Páìpù náà gùn tó kìlómítà 678. Ó gbéra láti Ìtòkí ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ó bọ́ sínú òkun, ó yà sí Kùtọ̀nú, Lomé àti Tema, ó sì parí sí Takoradi. Ohun àmúyangàn ni. Gánà gbé ẹ̀rọ iná rẹ̀ lé gáàsì yẹn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012, àwọn ajalèlókun fi ìdákọ̀ró fa páìpù náà já lẹ́bàá Lomé, ó sì tó bí ọdún kan kí gáàsì tó tún ṣàn dáadáa. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi wa. Ṣùgbọ́n kó tó ṣẹlẹ̀, àti lẹ́yìn tó ṣẹlẹ̀, gáàsì tí a ń gbé sínú páìpù náà kì í sábà pé iye tí a kọ sínú ìwé. Àwọn náà ò sì máa sanwó bó ṣe yẹ, débi pé ní 2016 a dín gáàsì wọn kù nítorí gbèsè. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ "dumsor" kún ẹnu gbogbo ará Accra, ìyẹn "ó kú, ó tún tàn".

Kí ni Gánà ṣe? Wọ́n lọ wa gáàsì tiwọn nínú òkun ìwọ̀-oòrùn, wọ́n kọ́ ilé ìfọ̀gáàsì sí Atuabo. Láti 2019, wọ́n ti ń gbé gáàsì tiwọn láti Takoradi wá sí Tema nínú páìpù kan náà. Páìpù tí a kọ́ kí gáàsì wa lè máa lọ sọ́dọ̀ wọn, apá kan rẹ̀ ti ń gbé tiwọn bọ̀ lọ́nà ọ̀dọ̀ wa! Rọ́ṣíà náà rí irú rẹ̀ ní Yúróòpù. Ní 2021, ó lé ní ìdá 40 nínú 100 gáàsì tí Yúróòpù ń rà lókèèrè tó jẹ́ ti Rọ́ṣíà. Ogun Ukraine dé, wọ́n fi gáàsì halẹ̀ mọ́ oníbàárà, nígbà tó fi di 2024 ìpín wọn ti wá sísàlẹ̀ ìdá 20.

Àwa náà sì ń pariwo pé a fẹ́ gbé gáàsì gba Niger kọjá lọ sí Algeria, kìlómítà tó lé ní 4,000, tàbí ká gbé e gba etí òkun lọ sí Mòrókò, orílẹ̀-èdè tó lé ní mẹ́wàá lójú ọ̀nà. Àwọn tó máa yá wa lówó á ka ìwé ìtàn wa kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.

Níbo wá ni òkùnkùn wa ti ń wá? Bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin iná wa, gáàsì ló ń gbé e jáde. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ ṣe iná ò rí owó wọn gbà, nítorí náà wọn ò rí owó gáàsì san, ẹni tó ní gáàsì sì mọ ibi tí owó wà. Láti ọdún 1999 ni ọkọ̀ ti ń kó gáàsì wa kúrò ní Bonny lọ sí Potogí àti ibòmíràn, dọ́là ni wọ́n sì ń gbà. Gbèsè ilé pọ̀ débi pé ní 2025 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ètò láti yá ₦4 tírílíọ̀nù kí wọ́n lè san án. Ẹ fi ìyẹn kún wáyà tó ti gbó àti tírànsífọ́mà tí àdúgbò ń dá owó tún ṣe. Àwọn tó wà ní Bándì A tí owó wọn fò láti ₦68 sí ₦225 ní 2024 mọ̀ pé kì í ṣe Tógò ló gbé e fò.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dé ẹnu ọ̀nà wa báyìí. Òfin iná ọdún 2023 fún ìpínlẹ̀ lágbára láti ṣàkóso ọjà iná tirẹ̀, Ọ̀yọ́ sì ti gbé àjọ tirẹ̀ dìde. Ní 2024, ìjọba Ọ̀yọ́ àti Shell Nigeria Gas fọwọ́ sí ìwé láti gbé gáàsì wọ ìpínlẹ̀ wa. Mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n gáàsì ò sí lábẹ́ òkè Mapo. Láti ìsàlẹ̀, níhà Ògùn àti Èkó, ló ti ní láti wá. Ìbàdàn ló máa wà ní ìparí páìpù lọ́tẹ̀ yìí, níbi tí Niamey wà ní 2023.

Nítorí náà, mo ní ìbéèrè fún àwọn aṣòfin wa ní Agodi, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi bi wọ́n nígbà tí wọ́n bá wá tọrọ ìbò. Bí wọ́n bá fẹ́ dá gáàsì náà dúró, ọjọ́ mélòó ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi tó wa létí ṣáájú? Bí ìpínlẹ̀ tí páìpù gbà kọjá bá ní aáwọ̀ pẹ̀lú tiwa, ṣé ó lè ti ẹnu páìpù? Iwájú adájọ́ wo la máa gbé e lọ, ṣé ará Bẹẹrẹ lè pe ẹjọ́ náà fúnra rẹ̀, àbí gómìnà nìkan? Kí wọ́n gbé ìwé náà síta, kí wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, kí ẹni tó ní ẹja nínú fíríìsà lè kà á.