Ẹ Má Ta Bèbè Omi

Ilẹ̀ ẹ̀bá omi kì í ṣe ẹgbẹ́ ilẹ̀ mìíràn. Ẹ wo Èkó. Pulọ́ọ̀tì méjì lè wà ní àdúgbò kan náà, kí òró àti ìbú wọn bára mu, kí ìwé wọn sì pé. Èyí tó kọjú sí ọ̀sà yóò gbówó lórí ju èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ dáadáa. Onílé kọ́ ló da ọ̀sà síbẹ̀, ìjọba náà kọ́. Síbẹ̀, owó tí omi fi kún iye ilẹ̀ yẹn, àpò ẹni tó tà á ló ń wọ̀, ẹni tó rà á yóò sì gba tirẹ̀ padà tèlé-tèlé lọ́jọ́ tí òun náà bá fẹ́ tà. Òwò yìí ni mo fẹ́ bá àwọn ará Ìkógòsì ní Èkìtì sọ̀rọ̀ lé lórí kó tó gbilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ìkógòsì kò ní ọ̀sà, kò sì ní adágún. Ohun tó ní ni omi méjì tó ń sun láti ara òkè, ọ̀kan gbóná, èkejì tutù, tí wọ́n sì pàdé nísàlẹ̀. Ẹni tó bá bọ́ bàtà, tó ki ẹsẹ̀ bọ ibi tí wọ́n ti pàdé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan lè wà nínú ooru kí èkejì wà nínú òtútù, lórí òkúta kan náà tí omi ti fọ̀ títí tó fi ń dán. Igbó kìjikìji yí ibẹ̀ ká, òkè sì tò tẹ̀lé ara wọn títí dé Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Ní àwọn ọdún 1950 ni míṣọ́nnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi kan láti Amẹ́ríkà, John McGee, sọ ibẹ̀ di ibùdó ìjọ. Ìjọba gbà á lẹ́yìn náà. Nígbà tí Káyọ̀dé Fáyẹmí kọ́kọ́ ṣe gómìnà, láàárín 2010 sí 2014, ó tún un ṣe, kí ó tó di pé wọ́n fi ìṣàkóso rẹ̀ lé ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Nítorí náà, ojú omi gan-an kì í ṣe ọjà. Ilẹ̀ tó yí i ká ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀: oko kòkó àti oko iṣu àwọn ẹbí, ẹ̀bá àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn jáde láti òkè, àti ojú ọ̀nà tó gba Èrìjìyàn wá láti Arámọ̀kọ.

Ẹ wo ẹni tó lè fẹ́ rà á. Ẹni tó bá ti gbé Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston fún ọgbọ̀n ọdún, tó ń ronú ilé tí yóò fẹ̀yìn tì sí, kì í fẹ́ padà sínú ariwo jẹnẹrétọ̀ Èkó mọ́. Ibi tútù ló ń wá, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ tí omi sì wà nítòsí. N kò bá a wí. Ọmọ wa ni, owó tó ń mú bọ̀ sì wúlò fún ìlú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo irú owó tó jẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà 2023, dọ́là kan kò ju nǹkan bí 460 náírà lọ ní báńkì. Kí 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,500. Ká ní ẹbí kan ń pe ilẹ̀ rẹ̀ ní mílíọ̀nù mẹ́ta náírà ní gbogbo àkókò yẹn. Ẹni tí ìbá fi dọ́là 6,500 rà á tẹ́lẹ̀, 2,000 péré ni yóò san. Ilẹ̀ náà kò kéré sí i. Omi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò dáwọ́ ṣíṣàn dúró. Náírà tí a fi ń dá iye lé e ló rẹ̀yìn. Àjọ NBS, tó ń ṣírò nǹkan fún ìjọba àpapọ̀, sì kéde pé ọ̀wọ́ngógó ọjà ní oṣù Kejìlá 2024 lé ní 34 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó ta ilẹ̀ tó kó owó rẹ̀ sílé lọ́dún yẹn, bí ẹni tó gbé yìnyín sínú oòrùn ni.

Mo mọ bí títà ilẹ̀ ẹbí ṣe ń lọ, nítorí mo ti jókòó síbẹ̀. Wọ́n á to àga oníke sábẹ́ igi. Agẹ́ǹtì á dé pẹ̀lú fáìlì lábíyá, ẹni tó fẹ́ rà á lè má wá rárá, kó máa wo gbogbo wa láti inú fóònù. Wọ́n á yọ owó ẹmu, wọ́n á yọ ti àwọn àgbà, wọ́n á yọ ti àwọn ọ̀dọ́. Ẹnì kan á máa kọ orúkọ sínú ìwé ọmọ iléèwé, èyí tó kù á di pínpín sí ojúlé-ojúlé. Bó bá fi máa di ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹlòmíràn ti fi tirẹ̀ kan páànù, ẹlòmíràn ti fi sin òkú. Ọmọbìnrin ilé tó wà nílé ọkọ ní Ìjerò, tó ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn arákùnrin rẹ̀ ṣe ní in, lè má gbọ́ títí wọn yóò fi ri òpó kọnkéré sọ̀fíyọ̀ mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ilé ẹjọ́ ti sọ ọ́ tipẹ́tipẹ́: bí olórí ẹbí kò bá sí níbẹ̀, ohun tí wọ́n tà kò tíì di títà, bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìjẹ́ kí àwọn abẹnugan ẹbí fọwọ́ sí i, wọ́n lè gba ilé ẹjọ́ lọ kí wọ́n wọ́gi lé e.

Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé kì í ṣe dandan kí a tà. Àwọn bàbá wa mọ ọ̀nà mìíràn. Nígbà tí àwọn àlejò wá dá oko kòkó ní ilẹ̀ Ifẹ̀, Oǹdó àti Èkìtì, àwọn onílẹ̀ kò ta igbó fún wọn. Ìṣákọ́lẹ̀ ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn lọ́dọọdún. Àlejò ń jẹun, ọmọ rẹ̀ ń jẹun, ilẹ̀ sì ń jẹ́ orúkọ ẹni tó ni ín. Nígbà tí òfin ilẹ̀ dé ní 1978, tó fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí abẹ́ gómìnà, ọ̀pọ̀ ayálégbé oko rò pé ìṣákọ́lẹ̀ ti parí. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ nínú ẹjọ́ Abioye àti Yakubu ní 1991 pé kò rí bẹ́ẹ̀: òfin náà kò sọ ayálégbé di onílẹ̀. Ìlànà tó bá oko kòkó mu lè bá ilé ìsinmi mu pẹ̀lú. Kí ẹbí yá ẹni tó fẹ́ kọ́lé ní ilẹ̀ fún ọdún tó níye, kí ó máa san owó tí wọn yóò máa tún wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún bí ọjà bá ṣe rí, kí lọ́yà kọ ọ́ sílẹ̀, kí gómìnà sì fọwọ́ sí i níbi tí òfin bá ti béèrè rẹ̀. Bí náírà bá tún já, owó ẹbí kò ní bá a já. Olùrà kan lè sọ pé òun kò fẹ́ ilẹ̀ tí kì í ṣe tòun títí láé. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ tó wà nínú C of O pàápàá, ìwé tí gómìnà fi ń fúnni nílẹ̀, ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ló sábà máa ń jẹ́.

Èkó ti fi ojú wa rí ohun tí bèbè omi ń dà nígbà tí ó bá wọ́n jù. Ní oṣù Keje 1990, ìjọba ológun wó àdúgbò Màrókò, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn sùn síta. Ilé àwọn olówó ló wà níbẹ̀ lónìí. Láàárín oṣù Kọkànlá 2016 sí oṣù Kẹrin 2017, wọ́n lé àwọn apẹja Ègùn kúrò ní Òtòdò Gbàmẹ̀ létí ọ̀sà ní Lẹ́kí. Ní oṣù Kẹfà 2017 ilé ẹjọ́ gíga Èkó sọ pé ìwà ìkà ni, ó lòdì sí òfin, ṣùgbọ́n ilé ti wó. Ẹ kíyè sí i pé àwọn apẹja yẹn ti ń gbé létí omi nígbà tí ẹnikẹ́ni kò ka ibẹ̀ sí. Ìgbà tí ojú omi di ohun títà ni ibẹ̀ kò gbà wọ́n mọ́. Àwọn tó lówó pàápàá kò bọ́: láti 2023 ni ìjọba Èkó ti ń wó àwọn ilé tó dí ojú ọ̀nà omi lágbègbè Ìkọ́tà àti Lẹ́kí, títí kan èyí tí ẹni tó ni ín gbójú lé ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011, òjò kan ṣoṣo gbé omi kọjá bèbè, èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún kú.

Ibi kan wà láyé tí wọ́n ti ṣe é lọ́nà mìíràn, adágún ńlá ló sì wà níbẹ̀. Ní Chicago, ní 1836, àwọn tó ń ya ilẹ̀ sí pulọ́ọ̀tì kọ ọ́ sórí àwòrán ilẹ̀ pé kí etí adágún Michigan wà ní gbangba fún gbogbo ènìyàn, kí ilé kankan má sí níbẹ̀. Nígbà tí àwọn aláṣẹ ìlú fẹ́ máa kọ́lé síbẹ̀, oníṣòwò kan, Montgomery Ward, bá wọn ṣẹjọ́ láti 1890 títí di 1911, ó sì borí. Ọgbà ìgbafẹ́ Grant Park ló wà níbẹ̀ di òní. Àǹfààní rẹ̀ nìyí: nítorí pé kò sí ẹni tó fi ògiri dí omi, òpópónà tó wà lẹ́yìn ọgbà náà lówó lórí, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn òpópónà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ọmọ ẹni tó ń gbé nínú yàrá kan lè fẹsẹ̀ rìn lọ wo adágún. Ní Arkansas, níbi tí omi gbígbóná ti ń sun bíi ti Ìkógòsì, ìjọba Amẹ́ríkà ya ilẹ̀ tó yí i ká sọ́tọ̀ ní 1832. Àwọn kan sọ pé tiwọn ni, ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀, ìjọba sì jàre ní 1876. Àwọn tó kọ́ ilé ìwẹ̀ ńláńlá síbẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń yá ilẹ̀, tí wọ́n ń sanwó rẹ̀. Ìlú náà sì là.

Ọ̀rọ̀ Ìkógòsì tún le ju ti Chicago lọ, nítorí ibi tí omi ti ń jáde kọ́ ni ibi tí omi ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ sọ pé òjò ló ń gba inú òkúta kúásì tó ti sán nínú òkè Ẹ̀fọ̀n wọlẹ̀. Ooru inú ilẹ̀ ló ń mú un gbóná kí ó tó tún jáde. Òkè ọ̀hún ni ìṣúra náà wà. Bí a bá gé igbó orí òkè láti to ilé síbẹ̀, bí ilé kọ̀ọ̀kan bá gbẹ́ bọhóòlù tirẹ̀, tí sàlágà sì kún káàkiri, omi tí gbogbo wọn torí rẹ̀ wá ni wọn yóò bà jẹ́, owó ilé wọn yóò sì bá a lọ. Ọmọ onílẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, àlejò ń tẹ̀ ẹ́ bàsùbàsù. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọmọ onílẹ̀ ló ń ṣílẹ̀kùn.

Níbi tí gómìnà kò bá tíì kéde pé ó jẹ́ ìlú ńlá, ìjọba ìbílẹ̀ ni òfin 1978 fún ní àṣẹ láti fúnni ní ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀ lórí ilẹ̀. Ti Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì, tí Ìkógòsì wà lábẹ́ rẹ̀, Arámọ̀kọ ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Kí kábíyèsí, àwọn olórí ẹbí, alága àti sọ̀fíyọ̀ jókòó ní ọdún yìí kan náà. Kí wọ́n wọn bèbè gbogbo omi tó ń tinú òkè jáde, kí wọ́n fi òpó ìlú sí i, kí wọ́n sì kọ ọ́ sí ìwé pé kò sí ilé níbẹ̀, ti ọmọ ìlú tàbí ti àlejò. Ẹ̀yìn òpó yẹn ni kí yíyá ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì yọ díẹ̀ nínú ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún fún àwọn tí oko wọn wà lórí òkè, kí igbó má bàa di pákó.