Kì í Ṣe Pròsítéètì Nìkan Ló Ń Jí Bàbá Lóru

Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ìdájọ́ ti wáyé kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Bí baálé ilé bá ti lé ní 60 ọdún, tó ń jí lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin lóru láti lọ tọ̀, tí ìtọ̀ náà sì ń kán tótó bí omi ẹ̀rọ tí kò lágbára, gbogbo ẹbí ti mọ orúkọ tí wọn yóò pè é: pròsítéètì. Orúkọ náà kì í ṣe irọ́. Bí ọkùnrin ṣe ń dàgbà ni ẹ̀yà kékeré yìí, tó yí ọ̀nà ìtọ̀ ká lábẹ́ àpò ìtọ̀, máa ń tóbi sí i, ó sì lè há ọ̀nà náà. Ṣùgbọ́n pròsítéètì kọ́ ló ń ṣílẹ̀kùn fún ìtọ̀, òun kọ́ ló sì ń tì í. Iṣẹ́ àwọn iṣan tó ń gbé ìròyìn láàárín ọpọlọ, ọ̀pá ẹ̀yìn àti àpò ìtọ̀ nìyẹn. Iṣan òjíṣẹ́ ni n ó máa pè wọ́n níhìn-ín. Àwọn gan-an ni púpọ̀ nínú oògùn tí à ń kọ fún àwọn bàbá wa ń bá sọ̀rọ̀.

Àpò ìtọ̀ àgbàlagbà máa ń gba nǹkan bí 400 sí 500 mìlílítà, ìyẹn ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba omi inú ọ̀rá kan. Bí ó ti ń kún, àwọn iṣan òjíṣẹ́ tó ti apá ìsàlẹ̀ àyà àti ìbàdí jáde láti ọ̀pá ẹ̀yìn a máa pàṣẹ pé kí àpò dẹ̀, kí ọrùn rẹ̀ sì fún pọ̀. Àwọn mìíràn, tó ti ìdí ọ̀pá ẹ̀yìn wá, ló ń pàṣẹ ìdàkejì nígbà tí àkókò bá tó. Ìkẹta wà lábẹ́ ìfẹ́ inú wa. Òun ni a fi ń mú ìtọ̀ mọ́ra nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀. Ọpọlọ ni olórí gbogbo wọn. Ní ọdún 1925, F. J. F. Barrington, oníṣẹ́ abẹ ará Ìlú Ọba, fi hàn nínú ìwádìí tó ṣe lára ológbò pé ibì kan wà ní ìdí ọpọlọ tó jẹ́ pé, bí a bá bà á jẹ́, àpò ìtọ̀ kò ní lè tú ara rẹ̀ sílẹ̀ mọ́. (Ọmọdé atọ̀ọ́lé tí àwọn ará àtijọ́ ń so ọ̀pọ̀lọ́ mọ́ nídìí kì í ṣe olórí kunkun. Lọ́pọ̀ ìgbà, àṣẹ láti orí ni kò tíì ń dé ìsàlẹ̀ dáadáa lójú oorun.)

Ní àárín àwọn ọdún 1970 ni Marco Caine àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù mú ìmọ̀ yìí wọnú ìtọ́jú. Wọ́n ṣàyẹ̀wò ẹran ara pròsítéètì àti ti ọrùn àpò ìtọ̀, wọ́n sì rí ohun tí a lè pè ní etí nínú wọn: ibi tí àṣẹ "fún pọ̀" láti ọ̀dọ̀ iṣan òjíṣẹ́ ti ń wọlé. Nígbà tí wọ́n fún àwọn aláìsàn ní oògùn tó dí etí náà, ìtọ̀ ṣàn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. A jẹ́ pé ìdènà náà pín sí méjì: títóbi pròsítéètì jẹ́ apá kan, ìfúnpọ̀ tí iṣan ń pàṣẹ rẹ̀ jẹ́ apá kejì. Apá kejì yìí ni tamsulosin ń tú. Kò sọ pròsítéètì di kékeré rárá, síbẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹni tó bá bá lára mu ti ń mọ ìyàtọ̀. Finasteride ló ń mú pròsítéètì sún kì, ìyẹn sì lè gba oṣù mẹ́fà. Ẹni tó jù ú nù ní oṣù kejì kò tíì dúró dè é.

Irú etí bẹ́ẹ̀ wà lára òpó ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú. Ìdí nìyẹn tí òòyì fi lè kọ́ ẹni tó ń lo tamsulosin bí ó bá dìde lójijì. Kí bàbá kọ́kọ́ jókòó díẹ̀ sí etí ibùsùn. Bí wọ́n bá sì fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún un, kí ó sọ fún dókítà ojú pé òun ń lò ó tàbí pé òun ti lò ó rí.

Èyí tó kàn yìí ni mo fẹ́ kí ẹ kà sí etí ẹni tó wà nílé. Bí oògùn kan bá lè dí etí, òmíràn lè ké sí i. Pseudoephedrine, tó wà nínú àwọn oògùn ọ̀fìnkìn kan, a máa fún ọrùn àpò ìtọ̀ pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ inú imú pọ̀. Chlorphenamine, tí púpọ̀ nínú wa mọ̀ sí Piriton, lè pa àṣẹ tí àpò ìtọ̀ fi ń tú ara rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu mọ́. Àwọn hóró oògùn kan tilẹ̀ wà tí méjèèjì pàdé nínú wọn. Báyìí ni bàbá tí pròsítéètì rẹ̀ ti tóbi díẹ̀ ṣe lè ra oògùn ọ̀fìnkìn ní kẹ́míìsì lálẹ́, tí kò sì ní lè tọ̀ mọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ilé á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀tá kiri. Gbólóhùn kan ṣoṣo níwájú ẹni tó ń ta oògùn, "Ìtọ̀ ń yọ mí lẹ́nu," ì bá ti tó.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àtọ̀gbẹ tó ti pẹ́ lára lè ba iṣan tó ń gbé ìròyìn àpò ìtọ̀ lọ sókè jẹ́. Àpò yóò kún láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ìtọ̀ yóò sì máa ṣẹ́ jáde. Lẹ́yìn àrùn rọpárọsẹ̀, ìdàkejì ló wọ́pọ̀: ọpọlọ kò lè kó àpò níjàánu mọ́, ìtọ̀ á gbọ̀n ọ́n lójijì, aṣọ á sì ti rin kó tó dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bí a bá gé pròsítéètì irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìyọnu náà lè ṣẹ́ kù síbẹ̀. Nítorí náà, bí dókítà bá ń bèèrè nípa ṣúgà, nípa ẹsẹ̀ tó ń kú, tó sì ní kí bàbá kọ àkókò àti ìwọ̀n ìtọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kò fi àkókò ṣòfò.

Iṣan òjíṣẹ́ ṣe é tọ́ sọ́nà pẹ̀lú. Bí ìtọ̀ bá gbọ̀n ènìyàn lójijì, kí ó dúró jẹ́ẹ́, kí ó fún ìdí pọ̀ bí ẹni tó ń mú isó mọ́ra, títí ìgbì náà yóò fi rọlẹ̀, kí ó tó rìn lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni àlàfo àárín ìtọ̀ kan sí èkejì á máa gùn sí i. Ìtọ́jú tó yà mí lẹ́nu jù ni ti ọrùn ẹsẹ̀: wọ́n á ki abẹ́rẹ́ tín-ín-rín bọ ẹ̀gbẹ́ ọrùn ẹsẹ̀, wọ́n á rán iná mànàmáná díẹ̀ gbà á fún 30 ìṣẹ́jú, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 12, nítorí pé iṣan ibẹ̀ àti ti àpò ìtọ̀ jọ pín orísun nínú ọ̀pá ẹ̀yìn.

Ẹni tí ìtọ̀ bá dá dúró pátápátá, tí ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ sì ń wú, ilé ìwòsàn ni kí ó lọ ní wákàtí náà, kí wọ́n fi rọ́bà fa ìtọ̀ náà jáde. Àgbo kò lè ṣe èyí. Bí ẹsẹ̀ bá tún rọ, tàbí tí àárín itan kú tí kò mọ nǹkan lára mọ́, ó lè jẹ́ pé ohun kan ló tẹ iṣan ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, kò sì yẹ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ẹni tó bá sìn ín lọ kó gbogbo oògùn tó ń lò dání, títí kan ti ọ̀fìnkìn.